Ike Tuntun Lára Gìtá Alàgbà

Ọwọ́ òsì ni Dárasími fi na gìtá náà sí Ọláìyá. Ó rántí, ó yára pa á dà sí ọ̀tún.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ọláìyá wo ọwọ́ náà, ó wo gìtá. Káfíńtà ni, ní Òmù-Àrán, ṣùgbọ́n gbogbo gìtá ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ti bàjẹ́ láti Èsìẹ́ dé Ìjàrà-Ìsin, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ó mọ èyí dáadáa. Ti Alàgbà Jòhánù ni, bàbá Dárasími, ọ̀rẹ́ ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

"Kí ló ṣe é?"

"Ike ẹ̀ ni, sà. Ó ti ń ṣí."

Ike dúdú tó wà nísàlẹ̀ ihò gìtá ló ń sọ, èyí tí kì í jẹ́ kí èékánná họ igi bí èèyàn bá ń ta okùn. Etí ẹ̀ ti ká sókè. Alàgbà ti họ ọ́ títí àárín ẹ̀ fi funfun.

"Ìyẹn ò le. Màá lẹ òmíràn síbẹ̀."

"Rárá, sà. Òdìkejì ni kẹ́ ẹ lẹ tuntun sí. Kẹ́ ẹ sì tún okùn ẹ̀ tò, kí tòkè wá sísàlẹ̀."

Ọláìyá gbé gìtá lé tábìlì. Ó jókòó.

"Ti ọlọ́wọ́ òsì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bàbá ẹ ṣì ń mí, o ti fẹ́ yí gìtá ẹ̀ sọ́wọ́ ara ẹ?"

Ojú Dárasími ti wọnú. Látìgbà tí ẹ̀rọ gàrí ti ṣe bàbá ẹ̀ léṣe lọ́wọ́, orí bẹ́ńṣì ọsibítù ló ń sùn, ìgbà tí wọ́n sì fi dá wọn sílẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ sílé, oorun náà ò tún wá mọ́.

"Ojú mi ló ṣe tí wọ́n ń fi aṣọ so ọwọ́ òsì yẹn mọ́ ẹ lẹ́yìn, kó o lè fi ọ̀tún jẹun," Ọláìyá ní. "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó nà ẹ́ torí o dorí gìtá yìí kodò, ò ń fi òsì ta á. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fi ọwọ́ ìnùdí yin Ọlọ́run nílé òun."

"Mo rántí, sà."

"O sì ń dorí ẹ̀ kodò ta á di òní. Ta ni ò mọ̀? O tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ta. Kí ló wá dé tó o fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ ṣáà bá mi ṣe é. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ìkórè ti dé tán. Olórí akọrin ti bá ẹ sọ̀rọ̀, àbí?"

"Wọ́n ti bá mi sọ ọ́. Wọ́n ní tí bàbá mi ò bá lè ta á mọ́, kí n bọ́ sípò wọn."

"Ìwọ wá ní kí ni?"

"Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀."

"Sùúrù kí káfíńtà parí iṣẹ́. Jẹ́jẹ́ bí olè!"

Ọláìyá fa fóònù yọ, ó pe Alàgbà. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Wọn kì í gbé e mọ́, sà."

"Nígbà tí mo lọ wò ó lọ́sibítù, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora, ó ní egbò kékeré ni, òun máa ta gìtá níbi ìkórè."

"Ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, sà."

Ọláìyá dìde. "Màá ṣe é. Kó lè fojú ara ẹ̀ rí irú ọmọ tó bí."

Ó rọ omi gbígbóná sínú ọ̀rá, ó gbé e lé ike náà títí àtè ẹ̀ fi rọ̀, ó rọra fi ọ̀bẹ ṣí i. Igi tó wà lábẹ́ ẹ̀ ṣì mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ó dojú ike àtijọ́ dé orí ike tuntun, ó fi ṣọ́ọ̀kì fà á yípo.

"Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ jùyẹn lọ, sà."

"Bó o ṣe ti ń ta á tó yìí, o ṣì máa họ igi?"

"Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló máa ń họ ọ́, sà."

Ọláìyá pòṣé. Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́, ó tún okùn tò. Ó fẹ́ fa bẹ́líìtì gìtá kúrú, torí Alàgbà sanra, ọmọ yìí sì rí bí igi ìgbálẹ̀. Dárasími ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Ó yá, ta á ká gbọ́."

Dárasími gbé e kọ́rùn. Ìka ẹ̀ ṣìnà lórí okùn tí wọ́n ti yí padà, ohùn tó jáde dà bíi páànù tó já bọ́. Ó tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé. Kò bọ́ sí i.

Ọláìyá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ò dùn. "O rí i? O ba ti bàbá ẹ jẹ́, o tún ba tìẹ jẹ́."

"Mo mọ̀, sà." Ó yọ píìkì kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn jáde lápò. "Ẹ bá mi lu ihò méjì sára èyí, kí n lè fi òwú so ó."

"Kó má baà já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá olórin!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọláìyá lu ihò náà, ó jù ú sí i. Dárasími gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, ó gun ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́.

Nílé, Alàgbà Jòhánù ní kó ti ilẹ̀kùn, ó yọ ọwọ́ òsì ẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ, Dárasími fi òwú so píìkì náà mọ́ àtàǹpàkò, ìka kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ gàrí fi sílẹ̀ lọ́wọ́ náà, bàbá sì gbé gìtá lé itan, ó ní, "Ó yá, ọmọ mi, báwo lo ṣe máa ń fi òsì ta á?"