Àwòrán Tí Látúndé Kò Dúró Rí

Látúndé àti ìyàwó rẹ̀, Àyìnkẹ́, ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ojú ọ̀run nínú ilé kan tó dá wà lórí òkè Arómi. Agbo ìràwọ̀ kan tó jìnnà réré ni wọ́n ń wò. Iná gbọọrọ ń tú jáde láti àárín rẹ̀, ẹ̀rọ rédíò wọn sì ń gbọ́ ọ. Látúndé máa ń sọ pé ojú ibi kan náà tí iná yìí ń gbà ni ìtànṣán ẹ́síréè rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, ń gbà jáde. Ikọ́ pa á kí wọ́n tó rí àrídájú.

Alẹ́ ọjọ́ tí àwòrán ẹ́síréè agbo ìràwọ̀ náà dé, Àyìnkẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ariwo iná náà ń dún nínú ẹ̀rọ bí òjò orí páànù. Láàárín rẹ̀ ni ó gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ikọ́ náà tún dún, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

"Ìyá Tími, tàn án padà," ni ohùn kan wí. "Àwòrán wa ńkọ́?"

Àyìnkẹ́ mọ ohùn ọkọ rẹ̀. Kò lè yíjú padà.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá Tími," ni ó dáhùn, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ibì kan náà ni."

Ẹni náà mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àga dún. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jẹ́ kí n rí yín!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Nígbà tó fi máa yíjú, òkùnkùn nìkan ló wà níta. Kò ti ilẹ̀kùn náà títí ilẹ̀ fi mọ́.