Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Atúnrédíòṣe náà so okùn kásẹ́ẹ̀tì tó já pọ̀, ó sì rọra fa irin òòfà tí yóò fi pa ohùn inú rẹ̀ rẹ́ mọ́ra. Jàndáámù, ọlọ́pàá ológun tó ni kásẹ́ẹ̀tì náà, ló ya káàdì ìgbélùú ọmọ atúnrédíòṣe ní àdúgbò Belleville. Àtìmọ́lé lọmọ náà kú sí.

"Anago," ni jàndáámù pè é, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, "jẹ́ kí n gbọ́ ọ ná. Inú àpótí olóògbé ìyá mi ni mo ti rí i. Bó bá bàjẹ́, wàá padà sílùú yín."

Atúnrédíòṣe tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin kan sì jáde.

"Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, kó bá mi sọ fún ọmọ mi pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni."

"Ohùn ìyá mi nìyẹn. Kí ló wí?" ni jàndáámù bi í.

Atúnrédíòṣe náà gbé òòfà sílẹ̀. Ó kọ ẹnu ẹ̀rọ sí ọjà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yí ohùn rẹ̀ sókè, gbogbo Anago ibẹ̀ sì yíjú sí jàndáámù.