Abẹ́rẹ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì

Gbogbo ará ilé ló ti gba abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn tán, àfi Ìyá Oníbúrẹ́dì.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ aránṣọ, ọmọ ìyá yìí, nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù keje. Ó ní ọ̀fìnkìn líle tí àgbà á fi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ó lè gba ẹ̀mí ọmọ tuntun, ọmọ ọwọ́ kò sì tíì lè gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀; àwọn tó máa gbé e mọ́ra ló yẹ kó gbà á ṣáájú. Aránṣọ na apá lójú ẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, lọ gba tirẹ̀ tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ìyá ọkọ gbà á, ó ní ẹ̀fọn ń gún òun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku ẹni tó bí aránṣọ fúnra rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì kì í bẹ̀rù iná. Aṣọ tín-ín-rín kan ló fi ń fa páànù búrẹ́dì jáde nínú ààrò, á sì máa bá oníbàárà ṣàwàdà lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́! Nígbà tí eyín rẹ̀ kan jẹrà, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun ò fẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń pa ẹnu kú. Aránṣọ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà. Ìyá ò ké. Ọmọ ló ké.

Ọmọ yìí náà ló wá pe ìyá lórí fóònù.

"Màmá, ẹni tí ò bá gba abẹ́rẹ́ ò ní gbé ọmọ o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Mo ti di àpótí mi tán. Mo ti ra ọṣẹ ìwẹ̀ rẹ̀. Ta ló fẹ́ wẹ ọmọ náà? Ọkọ rẹ tí kò lè fọ ife kó mọ́?"

"Màmá."

"Òótọ́ ni mo sọ. Òótọ́ náà ni mo sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà tí mo lọ bá wọn wẹ ọmọ. Ó bínú, ó kó lọ sílé bàbá rẹ̀. Ṣé ẹjọ́ mi nìyẹn?"

"Abẹ́rẹ́ ọ̀hún gùn díẹ̀, Màmá. Mi ò fẹ́ tàn yín."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ṣé mi ò lè fi aṣọ bo imú ni?"

"Kò tó, mà."

Nígbà tí aránṣọ gbé fóònù sílẹ̀, bí ìkà ló rí lójú ara rẹ̀. Ó rán ẹ̀wù ọmọ kan, ó tú u, ó tún un rán.

"Obìnrin yẹn fẹ́ràn rẹ ju ojú rẹ̀ lọ," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Jẹ́ ká bẹ nọ́ọ̀sì kó lọ bá a nílé."

Nọ́ọ̀sì gbà láti lọ. Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìtàn fa ojú ẹni kúrò lára abẹ́rẹ́. Kí èèyàn tó mọ̀, ó ti parí.

"Ẹ má ṣèyọnu," ni aránṣọ dá a lóhùn. "Àgbàlagbà ni. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ."

Ìyá ń lọ lóòótọ́. Á tún pè lórí fóònù.

"Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lónìí o. Mo gbóòórùn oògùn wọn, ẹsẹ̀ mi bá dá mi padà." Ẹ̀rín ló ń rín, ṣùgbọ́n ẹkún wà nídìí ẹ̀rín náà. "Máa bá mi gbàdúrà."

"Ẹ má fipá mú ara yín, Màmá. Tí kò bá ṣeé ṣe, a ó máa fi fóònù fi ọmọ hàn yín."

"Fóònù? Ṣé fóònù ló bí ọ ni?"

Lọ́jọ́ náà, ọkọ bá aránṣọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, omijé ti rin aṣọ oníbàárà.

"Ṣe bí ọkàn rẹ ló ń dá ọ lẹ́bi? Sọ fún un kó máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ ọmọ."

Aránṣọ mi orí. "Nítorí ọmọ ni," ó wí, kò sì wo ojú rẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ ti ku fẹ́ẹ́fẹ́ nígbà tí takisí kan dúró níwájú ilé. Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé lè rí òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

"Mo dákú lẹ́ẹ̀mejì," ó ń pariwo. "Wọ́n da omi lé mi lórí bí adìyẹ tí wọ́n fẹ́ tu. Mo ní kí wọ́n máa gún un lọ! Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké. Nítorí ọmọ yìí, wọn ì báà gún mi lójú, mo gbà."

"Màmá wa!" Ọkọ fò sókè, ó sáré gbé àpótí wọlé. Ìyá tẹ̀ lé e, ó wo pálọ̀ yíká.

"Ta ló gbé ibùsùn ọmọ síbi afẹ́fẹ́? Ẹ gbé e kúrò. Ìwọ, ọkọ ọmọ mi, àga yẹn náà, gbé e síta. Mo ti dé."

Aránṣọ dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, gbogbo wọn sì rò pé ayọ̀ ni; nínú gbogbo ohun tó lè béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó má baà wá gbé nílé òun, abẹ́rẹ́ yìí nìkan ló ti dá a lójú pé ìyá ò ní gbà láéláé.