Ohun Tí Mọ́ṣúdù Wá Tọrọ

Lọ́dún tí àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ri agolo òjò káàkiri Abẹ́òkúta, ọ̀kan bọ́ sí àgbàlá Àsíátù aláró ní Ìjemò. Wọ́n ní òjò lè rọ̀ ní Ṣàpọ́n kí Òkè-Ìléwó má rí ẹ̀kán, àfi kí àwọn máa wọ̀n ọ́n ládùúgbò kọ̀ọ̀kan.

Mọ́ṣúdù ló ń wá wo agolo náà láràárọ̀. Ọmọ dáadáa ni, kò sì tíì láya. Bó bá wo agolo tán, kì í lọ bọ̀rọ̀. Á dúró, á máa wo apá ìdí igi àgbálùmọ̀ tí Bùsírátù, ọmọ Àsíátù, máa ń jókòó sí ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Á mí kanlẹ̀, á tún yíjú padà.

Kò sí èyí tí Àsíátù ò rí.

Lọ́jọ́ kan, Mọ́ṣúdù fi àgbọ̀n júwe ọ̀kánkán. "Màmá, ó ti tó ọdún mélòó báyìí?"

"Ó ti lé lógún."

"Ó mà ti dàgbà o! Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ẹ lè má fẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ yín."

Àsíátù rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Lọ mú àgbà wá."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ránṣẹ́ sí ilé Sàlàhúdíìnì, ọmọ aláṣọ Ṣàpọ́n tó ti ń fẹ́ Bùsírátù bọ̀ tipẹ́, pé kí wọ́n má bínú, kí wọ́n wá ibòmíì gbà. Bùsírátù sunkún.

"Màámi, Mọ́ṣúdù ò bá mi sọ nǹkan kan rí."

"Ṣé ẹnu nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ni? O ò rí ojú ẹ̀?"

Láti ìgbà náà ni ara Àsíátù ò ti balẹ̀ mọ́. Ó ń gbàgbé aṣọ sínú ìkòkò aró. Bí mọ́tò bá dún, á sáré yọjú síta tọwọ́ taró.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, ọkọ̀ ìjàpá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́ṣúdù sọ̀ kalẹ̀, òun àti ọ̀gá rẹ̀, Àlàájì Jùbrílù, nínú agbádá funfun. Àsíátù tẹ́ ẹní, ó gbé omi àti obì jáde, ó ní kí Bùsírátù lọ wọ aṣọ tó dáa.

Àlàájì wúkọ́. "Màmá, ẹ kú ilé o. A ò fẹ́ fipá ṣe é. Ohun kan wà nínú àgbàlá yín tí a wá tọrọ."

Àsíátù ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "A ti fún yín, Àlàájì. Tọkàntọkàn la fi yọ̀ǹda."

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere," ni Àlàájì wí, inú rẹ̀ dùn, ó sì yíjú sí Mọ́ṣúdù: "Lọ pe àwọn agégi wọlé, àgbálùmọ̀ yìí ló ń gba òjò mọ́ agolo wa lọ́wọ́ látọjọ́ yìí."