Pápá Láàrin Ibùdó Méjì

Láràárọ̀, tí ìrì bá ti gbẹ, òyìnbó náà a jáde sí pápá tó wà láàrin ibùdó ogun méjèèjì, Fájẹ́misìn a sì ru àpò igi tẹ̀ lé e. Igi méje ló wà nínú àpò náà: mẹ́rin ní orí pákó, mẹ́ta ní orí irin. Òyìnbó a gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta sílẹ̀, a gbá a, a máa rìn tẹ̀ lé e, títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Ihò mẹ́ta ló gbẹ́ sí pápá náà. Gọ́ọ̀fù ló ń pe eré ọ̀hún. Jósáyà, ògbufọ̀ tó bá a ti Èkó wá, sọ pé ní ìlú òyìnbó náà létí òkun, ihò méjìdínlógún ni wọ́n ń gbá a sí, wọn a sì kọ orúkọ ẹni tó bá mókè sínú ìwé ìròyìn.

"Àwọn ọmọdé?" Fájẹ́misìn béèrè.

"Àwọn onírùngbọ̀n."

"O ò purọ́? Wọn ò lóko ni?"

"Èmi lò ń pè ní 'o'?" Jósáyà ní. "Ẹ̀yin ará Èkìtì yìí, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀."

"Ṣé ìwọ pé méjì ni?"

Ọdún kẹsàn-án ogun nìyẹn. Òyìnbó wá làjà, ó sì ń dúró de èsì ìwé tó kọ sí Èkó. Àwọn olórí ogun méjèèjì ti gbà fún un pé níwọ̀n ìgbà tí òun àti àsíá funfun rẹ̀ bá wà ní pápá, ẹnikẹ́ni kò ní yìnbọn. Tó bá ti ká àsíá wọlé, ẹni tí ojú bá tó ni ìbọn ń tó.

Oko iṣu àwọn ará Ẹ̀fọ̀n, ìlú Fájẹ́misìn, bẹ̀rẹ̀ létí pápá náà, ó sì lọ títí dé odò. Nítorí ìbọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi rí ìdí ebè kankan, ewúro ni wọ́n ń jẹ nílé. Nígbà tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọ oko. Wọn a máa wa iṣu títí tí yóò fi gbá bọ́ọ̀lù kọjá ihò kejì. Nígbà náà ni wọn a di ẹrù, wọn a sáré.

Oyèníkẹ́, ìyàwó Fájẹ́misìn, wà lára wọn, ó pọn Àdùnní tí kò tíì pé ọdún kan.

"Bàbá Àdùnní, òyìnbó rẹ ń yára jù. Uṣu mẹ́ta péré ni mo rí wa."

"Ṣé èmi ni mo ń gbá a?"

"Ìwọ lò ń ru igi rẹ̀. Ọmú mi ti gbẹ. Wá nǹkan ṣe sí i."

Fájẹ́misìn bẹ Jósáyà pé kó ní kí òyìnbó máa pẹ́ díẹ̀ sí i ní pápá. Jósáyà lọ, ó bọ̀. Ó ní òyìnbó sọ pé eré lòun ń ṣe, òun kì í ṣe ọlọ́dẹ oko.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀lù já sínú koríko kó tó dé ihò kejì. Fájẹ́misìn ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ihò òkété kan wà níbẹ̀. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù wọnú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Òyìnbó dé, Jósáyà dé, gbogbo wọn ń wá a. Oòrùn gòkè. Nígbà tó yá, òyìnbó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó mú òmíràn jáde. Iṣu mẹ́sàn-án ni Oyèníkẹ́ rù wálé lọ́jọ́ náà.

Lójoojúmọ́ ló ń ṣe é lẹ́yìn ìyẹn.

"Á mú ọ," Oyèníkẹ́ ní. "Ìwọ náà rí ohun tó fojú ẹlẹ́rù tó jí ṣúgà rẹ̀ rí."

"Ìwọ ṣáà jẹun."

Lọ́jọ́ karùn-ún tí Fájẹ́misìn ti ń ṣe é, bọ́ọ̀lù tí òyìnbó mú wá kò ní ọ̀dà funfun lára mọ́, ó dúdú bí èkùrọ́. Inú Fájẹ́misìn dùn, nítorí ó rọrùn láti fi pamọ́. Lọ́jọ́ keje, agbọ́únjẹ òyìnbó ń ráhùn pé ọ̀gá òun gba ìkòkò òun, ó se bọ́ọ̀lù tó ti là sí méjì nínú omi gbígbóná bí ẹni se ẹyin, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ yí i pọ̀. Nígbà tí Fájẹ́misìn ròyìn rẹ̀ nílé, Oyèníkẹ́ rẹ́rìn-ín títí Àdùnní fi jí.

"Àwọn ebè ìtòsí ti tán," Oyèníkẹ́ sọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. "Màá dé etí odò lónìí. Jẹ́ kó pẹ́ o."

"Á pẹ́."

Bọ́ọ̀lù já sínú koríko. Fájẹ́misìn tì í wọnú ihò òkété. Ó wá a lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ya koríko títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ ní ìka rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, òyìnbó ń wò ó. Ó wò ó pẹ́, ó sì pè é. Fájẹ́misìn nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó lọ bá a. Òyìnbó sọ̀rọ̀, Jósáyà sì yíjú sí i.

"Ó ní kí n kí ọ. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gbá gọ́ọ̀fù, òun ò rí ẹni tó ń fi tọkàntọkàn bá òun wá bọ́ọ̀lù bíi tìrẹ."

Fájẹ́misìn mí kanlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Òyìnbó wá fa àsíá yọ, ó ń ká a, nítorí bọ́ọ̀lù mẹ́jọ péré ló gbé wá láti ìlú rẹ̀, ìyẹn ló sì kẹ́yìn. Nígbà tí Fájẹ́misìn yíjú sí etí odò, Oyèníkẹ́ ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wa iṣu.