Ẹni Tó Di Orí Téèpù Mú

"Fà á kó le dáadáa!" ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú orí téèpù ìwọ̀n wọ yàrá inú lọ. "Má sì jù ú sílẹ̀ lójijì bíi ti àná o. Ó gé mi lọ́wọ́!"

Téèpù nà gbọnrangandan. Ó kà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì nìyí: kó yẹ ilé tí wọ́n wà nínú rẹ̀ yìí wò, kó sọ bóyá wọ́n lè tún un ṣe tàbí kí wọ́n wó o. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó mú ilé míì, ó kọ̀ jálẹ̀. Ògiri yàrá inú yẹn ló wó pa bàbá rẹ̀, bíríkìlà tí kì í fiṣẹ́ ṣeré. Láti kékeré lọmọ rẹ̀ yìí ti ń bá a di téèpù mú. Bàbá kì í ju orí téèpù sílẹ̀ láé. Ṣe ló máa ń mú un rìn padà wá bá ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀gá ayẹléwò!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yọ lẹ́nu ọ̀nà ìta lẹ́yìn rẹ̀, tòun ti ike omi. "Má bínú jàre. Mo fi téèpù sílẹ̀ nílẹ̀, mo gba ẹ̀yìn lọ ra omi. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?"

"Ta lo fi síbẹ̀?"

"Ta ni mo fẹ́ fi síbẹ̀?"

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Téèpù ṣì le lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Mo ti kà á, Bàbá. Ẹ fi sílẹ̀."

Téèpù náà kò fò padà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ká wọlé, bí ẹni tó dì í mú ṣe ń rìn bọ̀.