Orin Tí Mo Dá Níwájú Alága

Láàárọ̀ yìí ni ìgbìmọ̀ omi àdúgbò wa jókòó. Alága wa, ẹ̀rọ kékeré tó wà láàárín tábìlì, ní ó kàn mí láti sọ̀rọ̀. Inú mi mà ń dùn o! Jọláadé ọ̀rẹ́ mi ń tòògbé lórí àga rẹ̀, ni mo bá fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀:

"Jọláadé ò, máa relé,
Bẹ́ẹ̀dì ń pè ọ́!"

Gbogbo ilé gbè é: "Máa relé!" A rẹ́rìn-ín títí.

Alága ní, "Wọ́n dábàá. Wọ́n kín in lẹ́yìn. Gbogbo ilé fọwọ́ sí i. Jọláadé kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́."

Ọ̀rẹ́ mi ta jí. "Ìyá Dípẹ̀, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Alága, àwàdà ni o!"

"Ẹ dábàá kí á yí i padà."

Mo dìde, ojú ń tì mí, ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo ní kí Jọláadé padà sáyè rẹ̀.

"Ta ló kín in lẹ́yìn?"

Ẹ̀rù bà wọ́n pé Alága tún lè sọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn di ìbò. Kálukú fọwọ́ bo ẹnu, àwọn tó rẹ́rìn-ín jù ló kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jọláadé kó ìborùn rẹ̀, ó jáde.

Èmi tí n kì í wá ègbè tì, n ò rẹ́nìkan gbè é.